Kíláàsì Tó Ń Wí Tótó

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ó dára." "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ó dára púpọ̀." "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á fún yín ní ọgbọ́n sí i."

Ohun tí mo bá lójú kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn nìyẹn, láti òkè dé ilẹ̀. Mo ń fi ìka fa ojú ìwé náà wálẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ìkíni àti àdúrà ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ni mo ní kí wọ́n wá o! Mo ní kí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan ka kóòdù, ìyẹn ìtọ́ni tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ, kó wo ibi tí kò ti gún, kó sì kọ ohun tó rí síbẹ̀. Ọmọ bí ọ̀ọ́dúnrún, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rí nǹkan. Háà! Èmi tí mo ṣí kóòdù márùn-ún péré, kí n tó mu tíì mi tán, àṣìṣe tí mo rí ti lé ní ogún.

Ẹ jẹ́ n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ sọ́fítíwià ní ilé-iṣẹ́ kan ní Áílàńdì Èkó kí n tó wá di olùkọ́ ní ilé-ìwé gíga kan lápá Ìkòtún níbí, tí kò jìnnà sílé mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Àwọn ẹbí mi ní Èkìtì rò pé orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ló ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́: àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé wá bá wa níbi iṣẹ́, wọ́n lè kọ kóòdù, wọn ò lè bá èèyàn kọ ọ́. Oníkálukú á ti ilẹ̀kùn mọ́rí kọ tirẹ̀, bó bá di pé kí wọ́n kó o pọ̀, ìjà dé. Mo ní màá lọ kọ́ wọn láti ìdí.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó yí, gbọ́ mi délẹ̀. Ó wá fún mi ní sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo. "Màdáámù," ó ní, "ẹ kó gbogbo wọn jọ kí wọ́n ṣe nǹkan kan ṣoṣo, tí ẹni gidi máa lò. Lọ́jọ́ ìparí, èmi àti ẹni tí ẹ ṣe é fún máa jókòó sí gbọ̀ngàn. Bó bá ṣiṣẹ́ lójú mi, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, hándáòtù la ó padà sí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Hándáòtù! Ṣé ẹ mọ hándáòtù? Ìwé olójú-ewé ogójì tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti ìgbà tí èmi gan-an ti wà níléèwé, tí ọmọ máa há sórí, tó máa lọ dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, tó sì máa gbàgbé kó tó dé géètì. Mo ní lójú ayé mi kọ́, àfi bí wọ́n bá gbé òkú mi gba ibẹ̀ kọjá.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Ìwé ńlá kan ló fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, igun ìwé náà ti ká, omi ti ta sí i. Bí ìyá bá gbàgbé ọjọ́ abẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó máa rán an létí. A fẹ́nu kò pé kíláàsì mi máa ṣe èyí tó máa wà lórí kọ̀ǹpútà, tó máa mọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tó sì máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ìyá. Mo pín àwọn ọmọ náà sí ìdí mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìdí kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, gbogbo wọn ń kó iṣẹ́ sí ojú kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo fi òfin kan lélẹ̀: kóòdù ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ inú iṣẹ́ àjọṣe yìí láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ti kà á, tó ti sọ ohun tó rí, kó tó fọwọ́ sí i. Bí a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó se ọbẹ̀ kì í tètè mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Òun ni wọ́n wá sọ di ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́.

Mo wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìbínú. Mi ò kí wọn. Mo tan pírójẹ́tọ̀, mo ju gbogbo àdúrà wọn sára ògiri.

"Ṣé kóòdù lẹ̀ ń kà ni àbí ìyá ọkọ lẹ̀ ń kí?"

Mo nawọ́ sí ọmọkùnrin kan. "Ìwọ, o ní kóòdù yìí dára. Ó gbà kí wọ́n kọ ọ̀la sílẹ̀ bí ọjọ́ ìbí ọmọ. Ọmọ tí wọn ò tíì bí, ó ní kó wá gba abẹ́rẹ́! Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i, mà."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ẹni tó kọ ọ́, tó jókòó ní ìlà kejì. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mà. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, síbẹ̀ èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo kàn gbé ojú le ṣá ni. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, pé kóòdù kì í ṣe ọmọ èèyàn, pé ẹni tó bá tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀ kò bú ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n ń mi orí. Mo mọ̀ pé bí mo bá padà wò ó lọ́la, ẹ kú iṣẹ́ náà ni màá tún bá.

Bàbá kan wà nínú kíláàsì náà tí gbogbo wọn ń pè ní Dádì. Olùkọ́ àgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, ó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ẹ̀gẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó ní òun ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó, kí ẹlòmíràn náà wá kọ́ òun. Ìlà iwájú ló ń jókòó, bírò mẹ́ta lápò àyà, kì í pẹ́ dé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti bá mi ṣe àdéhùn: nínú géètì, èmi ni olùkọ́, òun á máa pè mí ní mà, mi ò sì gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí i níwájú àwọn ọmọ. Bí a bá ti jáde ní géètì, ọmọ rẹ̀ ni mí.

Ó dúró lẹ́yìn nígbà tí wọ́n tú ká.

"Mà, àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ," ó ní. "Wọ́n rí àṣìṣe. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé ni wọn ò rí."

"Ẹnu ọ̀nà wo, sà?"

"Nílé wa, bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà, kí ló máa ń sọ?"

"Á ní, tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà."

"Kí ni àgbà á fi dá a lóhùn?"

"Wàá rí òmíràn pa."

Ó ti bírò rẹ̀ bọ àpò. "Ó tán nìyẹn, mà," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Yéè! Orí mi wú. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan, ẹni tó wá gbálẹ̀ gbọ̀ngàn ń wò mí bóyá ó ti ń ṣe mí. Ohun tí mo ti ń wá nínú ìwé òyìnbó láti ọjọ́ yìí, ó wà lẹ́nu wa láti kékeré! Ọmọdé kò gbọdọ̀ kọ́ àgbà lọ́rọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é tí kò ní di àrífín. Ó kọ́kọ́ tọrọ àyè, wọ́n á fún un ní àyè, wọ́n á tún súre fún un pé kó rí òmíràn sọ lọ́jọ́ mìíràn. Kò ku ibì kan.

Mo yí òfin padà kí n tó sùn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe nínú kóòdù, kó fi "Tótó" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni kóòdù, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìbáà jẹ́ Dádì, ipò àgbà ló wà lórí ohun tó kọ. "Wàá rí òmíràn pa" ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dáhùn. Bí kò bá tíì wí i, kò gbọdọ̀ ṣàlàyé, kò gbọdọ̀ jiyàn, kò gbọdọ̀ wá fẹjọ́ sùn mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó délé lọ́jọ́ kejì, fóònù mi ti ń gbọ̀n nínú báàgì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀!

"Tótó, ẹ̀gbọ́n mi. Bí iná bá lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń kọ̀wé lọ́wọ́, gbogbo ohun tó kọ ti ṣègbé nìyẹn."

"Wàá rí òmíràn pa. O ṣé o, mo ti ń tún un ṣe."

"Tótó. Orúkọ tí o fún èyí ni x, o pe ìkejì ní xx, o pe ìkẹta ní xxx. Ṣé ilà lò ń kọ fún kóòdù ni?"

"Wàá rí òmíràn pa, ṣùgbọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ jàre."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kíláàsì náà ti yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí kì í la ẹnu rí ti ń la ẹnu. Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ọgbà, wọ́n yí láàpútọ́ọ̀pù kan ká, wọ́n ń wí tótó síra wọn, bí ẹnì kan bá gbàgbé èsì rẹ̀, wọ́n á pariwo lé e lórí. Èmi olùkọ́ wọn ń sáré dé iléèwé kí aago méje tó lù nítorí ayọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní Shasha. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó dojú kọ kóòdù Dádì. Apá tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sáwọn ìyá ni Dádì kọ, ó sì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Tótó o, Dádì. Àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ gan-an lẹ̀ ń ránṣẹ́ sí ìyá. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ìyá mi fi máa ń wà ní Shasha. Bí ẹ bá sọ fún un láàárọ̀ yẹn, ó ti bọ́. Ẹ sọ fún un ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó lè ríbi yà sí."

Gbogbo kíláàsì ń retí ohun tí Dádì máa wí. Ó wí i: "Wàá rí òmíràn pa. Àní wàá rí ogún pa." Ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìparí pé, nọ́ọ̀sì àgbà pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. A ti ní kó máa dán an wò. "Olùkọ́," ó ní, "àwọn ọmọ mi ti ń di méjì-méjì nínú nǹkan yín o." Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń fà, bó bá tẹ bọ́tìnnì tí kò rí nǹkan, á tún un tẹ̀, ọmọ kan á wá wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọ kíláàsì ti lọ sílé, àwọn mìíràn ti lọ kírun Jímọ̀. Inú mi ń dùn, ara mi ń yá gágá, mo ní èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fọ́dún mọ́kànlá, kí ni mo ń dúró dè? Báwo ni màá ṣe mọ ọmọ kan náà? Mi ò lè fi orúkọ mọ̀ ọ́n, torí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti ń wọlé kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, púpọ̀ nínú wọn ò tíì lórúkọ, "ọmọ tuntun" ni nọ́ọ̀sì ń kọ sí àyè orúkọ wọn. Mo wá ní kó máa wo nọ́ńbà fóònù ìyá àti ọjọ́ ìbí. Bí méjèèjì bá bára mu, ọmọ kan náà ni, kó lé èkejì padà. Ìlà mẹ́wàá péré. Mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́.

Òfin ní kí n jẹ́ kí ẹnì kan kà á. Ta ló wá fẹ́ ka tèmi nínú wọn? Èmi ni mo fún ara mi ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo tì í wọlé fúnra mi, mo lọ da ìrẹsì síná.

Ọjọ́ ìparí pé. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ẹ̀ka wa jókòó níwájú, ó ká apá mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ìwé ńlá rẹ̀ wà lórí itan. Àwọn ọmọ mi ń ṣe é lọ ní ìdí-ìdí, ó ń lọ dáadáa. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ọ̀gá bí ẹni pé òun ni ìyá ọmọ, fóònù dún, ó kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́wàá àárọ̀ rèé o! Mo ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì àgbà dìde. "Ẹ jẹ́ n fi ọwọ́ ara mi gbé ti àná wọlé," ó ní, "èyí tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ fúnra mi."

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọmọ àkọ́kọ́. Ó wọlé. Ó kọ ìkejì. Ògiri pọ́n: "Ọmọ yìí ti wà nínú ìwé." Ó tún un kọ. "Ọmọ yìí ti wà nínú ìwé."

"Kò tíì wà o," nọ́ọ̀sì wí. "Èkejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìbejì ni wọ́n. Àwọn tí orúkọ wọn ti ọ̀run wá, mo kúkú kọ ọ́ síbẹ̀." Ó yí ojú sí wa. "Ẹni tó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n lẹ wá lé síta yìí."

Ìyá kan, fóònù kan, ọjọ́ kan. Èmi Yorùbá pọ́ńbélé, tí ìbejì pọ̀ nílé wa lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, èmi ni mo jókòó kọ kóòdù tó ní obìnrin kan ò lè bí ọmọ méjì lọ́jọ́ kan! Ká ní wọn ò kọ ti ìbejì lọ́jọ́ náà, ọmọ kan ì bá máa gba abẹ́rẹ́, ìkejì rẹ̀ ì bá wà nílé.

"Ta ló kọ ibi tó ń sọ̀rọ̀ yìí?" Ọ̀gá ẹ̀ka kò gbé ohùn sókè.

Kí n tó la ẹnu, Dádì ti dìde ní ìlà iwájú. "Èmi ni, sà. Ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú. Ẹ má bínú."

Màá sọ òótọ́. Inú mi dùn. Ìwọ̀nba ìgbà téèyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan, inú mi dùn. Ọ̀gá ò ní bá àgbàlagbà wí níwájú ọmọ kékeré, á ní kò burú, wọ́n á tún un ṣe, mi ò ní padà sí hándáòtù, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹnu mi wà ní títì. Ó wà ní títì ju bó ṣe yẹ lọ.

Àga kan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà yẹn ló dìde.

"Tótó, mà."

Èmi ló kọjú sí.

"Ìbejì ni mí, mà. Èmi ni mo kẹ́yìn dé. Nínú ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, wọn ò tíì bí mi."

Ọ̀gá ẹ̀ka yí padà, ó ń wò mí. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tẹjú mọ́ ẹnu mi. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ṣe òfin, èmi ni mo fi pariwo lé wọn lórí.

"Wàá rí òmíràn pa," mo ní. Ohùn mi kéré bíi ti ẹ̀fọn. Mo tún un wí kó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Wàá rí òmíràn pa!" Mo wá kọjú sí ọ̀gá. "Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Dádì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo kọ ọ́, mo tì í wọlé, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á." Mo padà wo ọmọ náà. "Ó yá, kí lo ń dúró dè? Wá tún un ṣe!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn hó yèè. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré bọ́ síwájú, ó jókòó sípò nọ́ọ̀sì, ó ju kóòdù mi sára ògiri fún gbogbo ayé rí. Ó fi ìbéèrè kan kún un: ọmọ mélòó ni ìyá bí lẹ́ẹ̀kan náà, ìkíní nìyí àbí ìkejì? Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí àwọn fóònù fi bẹ̀rẹ̀.

"Tótó! Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta ńkọ́?"

"Wàá rí òmíràn pa!" Ó tún ibẹ̀ ṣe.

"Tótó! Bí nọ́ọ̀sì bá ṣì tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ kan ṣoṣo ńkọ́?"

"Ẹ ó rí òmíràn pa, sà!" Dádì ló dá lóhùn, ó sì dán an wò lójú gbogbo wa. Ọmọ kan wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìbẹta wọlé ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti gbàgbé pé ọ̀gá wà níbẹ̀, mo ń fò sókè níwájú bí ọmọ iléèwé. Ọmọkùnrin tó ní ẹ̀gbọ́n òun fi ọdún mẹ́rin ju òun lọ, òun ló kà á kẹ́yìn, òun ló fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì àgbà padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ìkejì ìbejì. Ògiri di àwọ̀ ewé. Obìnrin náà gbá orí kọ̀ǹpútà náà pẹ́pẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀."

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ìdímù.

Ọ̀gá ẹ̀ka dúró títí ó fi rọlẹ̀. "Màdáámù," ó ní, "mo ní bí kò bá ṣiṣẹ́, hándáòtù. Kò sì ṣiṣẹ́."

Ó yí ojú sí ọmọbìnrin náà.

"Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i rí, kí ọmọ iléèwé sọ fún olùkọ́ rẹ̀ lójú mi pé ó ṣi nǹkan ṣe, kí nǹkan náà sì ti ibẹ̀ gún. Ẹ máa bá a lọ." Ó kọjú sí kíláàsì. "Ohun kan ló kù. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ màdáámù."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló yí i padà, tó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ náà, kóòdù tèmi pàápàá kò lè wọlé láìjẹ́ pé ọmọ kíláàsì kan fọwọ́ sí i. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní, "Mà, kò síbi téèyàn ti lè wí tótó lórí tiyín."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo rí Dádì níta géètì, ó ń retí mọ́tò Ayọ̀bọ̀. Inú ń bí mi, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn.

"Kí lẹ dìde fún, sà? Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ náà?"

Ó ń wo ojú títì. "Mo ti kà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ó ní. "Mo rí i pé ó máa lé ìbejì."

"Ẹ ti rí i?"

"Mo rí i. Mo ní bóyá ẹ ó rí i fúnra yín. Olùkọ́ mi ni yín. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

Òun! Òun tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wa! Mo dúró, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Géètì ti wà lẹ́yìn wa. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn níwájú gbogbo ẹni tó ń kọjá.

"Tótó o, Dádì."

Ó wò mí. Mọ́tò rẹ̀ dé, ó jẹ́ kó lọ.

"Wàá rí òmíràn pa, ọmọ mi," ó ní. "Dìde, kí o sọ ọ́."

Mo dìde, mo sì sọ ọ́: bí ẹ bá tún rí àṣìṣe mi, ẹ má bá mi rù ú, ẹ wí tótó sí mi.